Kẹ́ ẹ tó ra ṣáàfù aláfẹ́fẹ́, ẹ wọn ihò páálí yín

Páìpù páálí ni wọ́n ń ká ọ̀rá lé di róòlù, ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ ló sì ń gba inú ihò páálí náà kọjá láti gbé róòlù sórí ẹ̀rọ. Bí róòlù ọ̀rá bá ń yọ̀ lórí ṣáàfù, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ pariwo ni pé "Ẹ tún fẹ́ ẹ sí i!" Wọ́n á fẹ́ ẹ dé 7 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), wọ́n á fẹ́ ẹ dé 9, tíúbù inú rẹ̀ á wá bẹ́ lóru ọjọ́ tí oníbàárà ń kánjú jù. Nínú irú ẹjọ́ báyìí, afẹ́fẹ́ kì í sábà jẹ̀bi. Àyè tó wà láàárín ṣáàfù àti páìpù páálí ló yẹ ká pè wá rojọ́, àyè náà ò sì ju mílímítà méjì sí mẹ́ta lọ.

Ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ kì í ṣe awo. Páìpù irin tàbí ti alumíníọ́mù tó nínú ṣófo ni, wọ́n gé ihò gbọọrọ-gbọọrọ sí i lára yí po, eyín irin sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìdí eyín fẹ̀ ju ihò lọ kó má baà já bọ́ síta. Tíúbù rọ́bà kan gba inú páìpù náà kọjá láti orí dé ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tíúbù á wú, á ti eyín síta, eyín á sì di ihò páálí mú láti inú. Bí ẹ bá tẹ fáàfù kí afẹ́fẹ́ jáde, sípíríǹgì kéékèèké á dá eyín padà sílé, ṣáàfù á sì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kóònù, sípánà àti òòlù ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnì kan á parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Fáàfù rẹ̀ àti ti táyà, ọmọ ìyá ni wọ́n, ìyẹn ló fi ń jẹ́ kí àwọn kan rò pé afẹ́fẹ́ táyà náà ló yẹ kó gbà. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba nǹkan bíi 30 sí 35 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ mìíràn). Ṣáàfù ń fẹ́ 6 bar, ìyẹn 87 psi. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà mìíràn sí orí ṣáàfù yín, nọ́ńbà yẹn lẹ ó tẹ̀ lé, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.

Eléyín tí mo ṣàlàyé yìí ló wà níbi gbogbo, owó rẹ̀ ò sì ga ju ara lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ onírin gbọọrọ: dípò eyín, irin pẹlẹbẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ṣáàfù fúnra rẹ̀ ló ń jáde. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, irin kọ̀ọ̀kan ní tíúbù pẹlẹbẹ tirẹ̀ tó jókòó sínú kòtò lára ṣáàfù, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bẹ́, àwọn yòókù á ṣì dì í mú dé òpin róòlù. Onírin gbọọrọ kì í dá egbò sí páálí lára. Bí páálí yín bá tín-ín-rín, tàbí tó jẹ́ páìpù pílásítíìkì lẹ̀ ń lò, òun ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wo owó tó fi lé. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀rọ tó ń la róòlù ńlá sí wẹ́wẹ́, tó jẹ́ òrùka-òrùka, tí òrùka kọ̀ọ̀kan ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ọ̀rá kì í nípọn bákan náà láti etí dé etí. Ọ̀rọ̀ ìyẹn gùn, ó tó kọ lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àyè mílímítà méjì yẹn. Ihò páálí 3 íǹṣì jẹ́ 76.2 mílímítà lórí ìwé. Nínú iléeṣẹ́, páálí tí wọ́n pè ní 3 íǹṣì lè jẹ́ 76, ó sì lè jẹ́ 77 àbọ̀, pàápàá bó bá ti mu omi òjò. Ara ṣáàfù náà sábà máa ń wà láàárín 73 sí 75. Ẹ mú páálí mẹ́fà, méjì-méjì láti inú ẹrù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi vernier (irinṣẹ́ ìwọ̀n tó ní ẹnu méjì) wọn ihò wọn ní ẹnu méjèèjì, ẹ wọ̀n ọ́n lóròó, ẹ tún wọ̀n ọ́n níbùú, torí páálí tí wọ́n to ẹrù lé lórí kì í ṣe róbótó mọ́. Nọ́ńbà 24 lẹ máa ní. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló máa sọ bí ṣáàfù ṣe gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó kó lè wọlé. Èyí tó tóbi jù ló máa sọ ibi tí eyín gbọ́dọ̀ jáde dé. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ju mílímítà kan lọ, ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó ń ṣe páálí sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bá ẹni tó ń ta ṣáàfù sọ̀rọ̀.

Kí ló fà á tí mílímítà kan fi lè dá wàhálà sílẹ̀? Róòlù kì í jókòó lórí ṣáàfù, ṣe ló ń so rọ̀ sára rẹ̀. Òkè ihò páálí ló sinmi lé ẹ̀yìn ṣáàfù, gbogbo àyè tó kù á wá bọ́ sí abẹ́. Tíúbù kan ṣoṣo ló sì wà nínú, agbára kan náà ló fi ń ti eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀, nítorí náà kò lè gbé róòlù sí àárín gbùngbùn. Bí ara ṣáàfù bá jẹ́ 74, tí ihò páálí jẹ́ 76.5, àárín róòlù á fi 1.25 mílímítà rẹlẹ̀ ju àárín ṣáàfù lọ. Bó bá ti ń yí, eyín tó bá dé òkè á wọlé díẹ̀, èyí tó bá dé ìsàlẹ̀ á jáde. Ẹ̀rọ tó ń sá ní 100 mítà ní ìṣẹ́jú kan, bí róòlù rẹ̀ bá ti kù sí 20 sẹ̀ǹtímítà ní ìdábùú, ń yí ìgbà bíi 159 nínú ìṣẹ́jú yẹn. Ìgbà 159 náà ni eyín kọ̀ọ̀kan ń wọlé tó ń jáde, tó ń ha páálí, tó ń ha tíúbù.

Ẹ ò ní fi ojú rí eyín tó ń rìn. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀, bíi gààrí tí wọ́n yan jù, lórí ilẹ̀ lábẹ́ ẹnu róòlù. Ẹ fi ìka kó o, ẹ fi ra ọwọ́: bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun páálí, ẹ̀rí yín dé nìyẹn. Lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìyẹ̀fun yìí kan náà ló ń fò lọ lẹ̀ mọ́ yíǹkì, tó ń dá tóótòòtó funfun sínú lẹ́tà, táwọn èèyàn á sì máa bú oníyíǹkì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má baà dà bí àròsọ. Róòlù ọ̀rá kan fẹ̀ ní mítà kan, ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀yìn páálí rẹ̀ jẹ́ 92 mílímítà. Ọ̀rá náà tó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kan ń wọn gíráàmù 0.92, torí náà róòlù yìí á wọn nǹkan bí 250 kílò. Ká ní agbára tó ń fa ọ̀rá jẹ́ 150 Newton (Newton ni wọ́n fi ń wọn agbára, Newton-mítà ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń yí nǹkan). Láti etí róòlù dé àárín jẹ́ 0.3 mítà, nítorí náà ọwọ́ tí eyín gbọ́dọ̀ fi di páálí mú kò ju 45 Newton-mítà lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sá jẹ́jẹ́. Ìyẹn ò le rárá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí NEPA mú iná lọ. Ẹ̀rọ dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, búréèkì di ṣáàfù mú, ṣùgbọ́n 250 kílò tó ti ń yí ò fẹ́ dúró. Ní 100 mítà ní ìṣẹ́jú kan, dídá róòlù yẹn dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ń gba 64 Newton-mítà mìíràn lórí 45 ti tẹ́lẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 109.

Kí ni eyín lè gbà? Bí ṣáàfù bá ní eyín 20, tí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí tíúbù ń tì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 2, ní 6 bar eyín kọ̀ọ̀kan á fi 600 Newton tẹ páálí. Gbogbo wọn pọ̀ á fi 12,000 tẹ̀ ẹ́. Ká ní ìdá 0.3 nínú agbára yẹn ló ń di ìdìmú láàárín irin àti páálí, tí ihò páálí sì jìnnà sí àárín ní 38 mílímítà: 137 Newton-mítà. Sípíríǹgì á yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ju 109 lọ, róòlù dúró. Ní 3 bar ńkọ́? 68. Ó ju 45 lọ, kò tó 109. Ìyẹn ni pé ṣáàfù tí wọ́n fẹ́ dé ìdajì á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò ní sí ẹni tó máa fura. Ọjọ́ tí iná bá lọ lójijì ni róòlù á yí lọ ní tirẹ̀, eyín á hú inú páálí jáde, ọ̀rá á sì dà sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tú.

Nítorí náà, ẹ wo gééjì, àmọ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò. Ti ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè wà ní 8 bar nígbà tí ẹnu ìbọn afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín ń gba 4, torí páìpù tó gùn, jíjò lójú ọ̀nà, àti ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń mu afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra ìbọn tó ní gééjì lórí ara rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó owó róòlù kan tó bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbé róòlù sórí ẹ̀rọ kò ní ọgbọ́n àrà kankan, ìlànà rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ má fò. Ẹ fi ọwọ́ ra eyín kọ̀ọ̀kan kí ṣáàfù tó wọlé: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, bí ọ̀kan bá yọrí, ó ti há sínú gọ́ọ̀mù tàbí yíǹkì gbígbẹ. Ẹ fi aṣọ nu ìyẹ̀fun kúrò nínú ihò páálí. Ẹ ki ṣáàfù wọlé, ẹ wọ̀n ọ́n kí róòlù wà láàárín, kí fáàfù sì wà lápá ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fẹ́ ẹ dé 6 bar, ẹ yọ ìbọn, ẹ tẹ́tí sílẹ̀: fáàfù tó bá ń ṣe ṣíì yóò ti rọ̀ kí wákàtí kan tó pé. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ gbé e sí ẹnu safety chuck méjèèjì, ìyẹn ẹnu irin ara ẹ̀rọ tó ń di orí ṣáàfù mú, kẹ́ ẹ sì tì wọ́n dé ibi tí wọ́n ti há kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹnu tí wọn ò tì dáadáa lè ṣí lórí ìrìn, 250 kílò tó bá já bọ́ nígbà tó ń yí kò mọ ẹni tí ń jẹ́ ọ̀gá.

Ẹ mú máákà, ẹ fa ìlà kan láti ẹnu páálí kọjá sí ara ṣáàfù. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ wò ó nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró. Bí ìlà méjèèjì bá ṣì kojú ara wọn, kò yọ̀. Bí wọ́n bá ti yà, ẹ wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìwádìí tó pọ́n dandan jù máákà náírà díẹ̀ lọ níbí.

Ohun kan tó ń pa tíúbù ju gbogbo nǹkan lọ ni kí wọ́n fẹ́ ṣáàfù tí kò sí páálí lórí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò bóyá ó ń jò," wọ́n á fẹ́ ẹ lófìfo. Eyín á jáde dé òpin, kò sí nǹkan tó dá wọn dúró, rọ́bà á wá wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ eyín jáde bí ìfun. Kì í sábà bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tó ti nà yẹn á kàn rẹ̀wẹ̀sì, á wá bẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó máa rántí ohun tó fà á.

Ìṣòro yìí kan náà ló wà níbi tí róòlù ti kúrú ju ṣáàfù lọ. Bí róòlù 32 sẹ̀ǹtímítà bá wà lórí ṣáàfù tó ní eyín gùn dé mítà kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta eyín ń jáde sí òfìfo. Ẹ gé páálí àlòkù sí wẹ́wẹ́, ẹ fi wọ́n bo eyín yòókù lápá òsì àti lápá ọ̀tún kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń ṣe róòlù kúkúrú lójoojúmọ́ á ṣe ara rẹ̀ lóore bó bá ra ṣáàfù tí eyín rẹ̀ wà ní àárín nìkan.

Bí ṣáàfù bá ń rọ̀, ẹ má tíì tú u. Ẹ fi páálí lé e, ẹ fẹ́ ẹ dé 6 bar, kẹ́ ẹ wá po ọṣẹ ìfọṣọ pẹ̀lú omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí fáàfù. Bó bá ń hó níbẹ̀, pín-ín-nì kékeré inú fáàfù lẹ máa pààrọ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ kùn ún sí àyíká orí ṣáàfù méjèèjì: bó bá ń hó níbẹ̀, ìdè tó di ẹnu tíúbù ló ti dẹ̀. Bó bá ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ eyín, tíúbù ti jò, ó di kẹ́ ẹ tú u.

Ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ fáàfù títí ariwo á fi dá. Ẹ tú síkúrù tó di orí ṣáàfù mú, ẹ fa orí náà jáde gbọọrọ, ẹ má fi òòlù lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ tó fa tíúbù àtijọ́ jáde, ẹ so okùn tó gùn ju ṣáàfù lọ mọ́ ìdí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ń fà á jáde, okùn á gba ipò rẹ̀ nínú páìpù, okùn yẹn náà lẹ máa fi fa tuntun wọlé. Ẹ tẹ́ tíúbù àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàfù, orí sí orí, ìdí sí ìdí, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti jò. Ibi tí ihò wà lára rọ́bà á sọ eyín tó gé e. Ẹ yọ eyín yẹn, ẹ fi ìka rọra ra etí ìdí rẹ̀: ẹ máa bá irin kan tó mú bí abẹ níbẹ̀, tàbí sípíríǹgì tó ṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kojú sí inú. Ẹ fi fáìlì kékeré pa ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sáńpépà dán an. Ẹni tó bá pààrọ̀ tíúbù láìwá eyín tó gé e, tíúbù tuntun ló fi ń ṣe oúnjẹ fún eyín náà.

Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ gba inú páìpù kọjá, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó wà lórí igi gbọọrọ nù ún. Ní Èkó, ẹ lè bá omi níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ etíkun ti gba omi sára kó tó wọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, omi náà á jọ sínú táǹkì, bẹ́ ò bá sì tú u láràárọ̀, inú tíúbù ló ń lọ. Omi tó bá wà nínú tíúbù kì í jáde tán, ó ń jẹ irin fáàfù, ó sì ń mú kí apá kan ṣáàfù wúwo ju ìkejì lọ. Ẹ ṣí ẹnu ìdí táǹkì láàárọ̀ títí omi á fi tán tí afẹ́fẹ́ nìkan á máa jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun ti ṣí i lánàá, kó tún un ṣí.

Kí tíúbù tuntun tó wọlé, ẹ da pọ́dà sí i lára dáadáa. Pọ́dà ọmọdé náà tó. Ẹ má fi epo tàbí gíríìsì sí i, epo ń jẹ́ kí rọ́bà wú, kó sì rọ̀ bíi mọ́ín-mọ́ín. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ tíúbù dé òpin rẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo ìlà yẹn bẹ́ ẹ ti ń fà á wọlé: bó bá lọ́, tíúbù ti lọ́ nìyẹn, ẹ fà á padà. Kò gbọdọ̀ nà, kò sì gbọdọ̀ ká jọ. Ẹ di ẹnu rẹ̀ méjèèjì le, àmọ́ kí ìdè má gé rọ́bà. Ẹ dá orí ṣáàfù padà, ẹ fi páálí tó gbẹ lé gbogbo eyín, ẹ fẹ́ ẹ dé bar kan péré. Ẹ fi ọwọ́ fa páálí náà wò láti rí i pé ṣáàfù ti ń dì í mú káàkiri. Bó bá ṣì dẹ̀ ní apá kan, eyín kan há níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fẹ́ ẹ dé 6, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tún fi gééjì wò ó.

Àwọn kan á gbé tíúbù tó jò lọ bá fọkanáísà. Á lẹ̀ ẹ́, á sì dì mú, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ nípọn ju àwọn yòókù lọ, kì í nà bíi tiwọn, bó bá sì bọ́ sábẹ́ eyín, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ya. Bí ó bá jẹ́ láti parí iṣẹ́ òru yìí, ó dáa. Kí wọ́n tún fi ṣe oṣù mẹ́ta ni mi ò fara mọ́.

Ohun kan náà nípa rọ́bà: tínà tí wọ́n fi ń fọ yíǹkì ò gbọdọ̀ kan eyín tó ní rọ́bà lórí. Ó ń mú kí rọ́bà wú kó sì sán. Aṣọ tútù ló tó.

Ẹ̀yin tó ń rò ó bóyá irin lẹ ó rà tàbí alumíníọ́mù, ìwúwo àti títẹ̀ lẹ máa fi wé ara wọn. Ṣáàfù irin 74 mílímítà tí ògiri rẹ̀ nípọn ní 10 ń wọn nǹkan bíi kílò 16 ní mítà kan, kó tó di pé wọ́n ka eyín àti orí rẹ̀ mọ́ ọn. Alumíníọ́mù tó tóbi bákan náà ò ju kílò 5 àbọ̀ lọ. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé róòlù 250 kílò wa yẹn lé e, kí bẹ́ríǹgì méjèèjì jìnnà síra ní mítà 1.2: irin á tẹ̀ ní àárín ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà, alumíníọ́mù á tẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyẹn ṣì ṣe é gbé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni gígùn. Bí ẹ bá sọ àárín bẹ́ríǹgì di ìlọ́po méjì láìfi ẹrù kún un, títẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí róòlù náà bá tún gùn sí i tí ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó di ìlọ́po 16: irin tó ń tẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin tẹ́lẹ̀ á wá tẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà mẹ́rin, ọ̀rá á máa ká wọnú ní àárín, á sì máa dẹ̀ ní etí. Níbẹ̀ ni 3 íǹṣì ń parí sí, tí páálí 6 íǹṣì sì ti ń bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má rò pé ẹ lè fi ọgbọ́n dín owó kù níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ ti tú afẹ́fẹ́ tán, ṣáàfù ò sì jáde. Kẹ́ ẹ tó mú òòlù, ẹ tẹ páálí wò. Ọ̀rá tí wọ́n ká nígbà tó ṣì gbóná ń sún kì bó bá ti ń tutù, gbogbo ìpele rẹ̀ á sì fún páálí pọ̀ sórí ṣáàfù. Páálí tí ògiri rẹ̀ ò ju mílímítà 5 lọ kì í lè gbà á. Ẹ fi géndé méjì di róòlù mú, ẹ fi okùn àti wíǹṣì fa ṣáàfù gbọọrọ láti orí rẹ̀. Fún èyí tó ń bọ̀, ẹ dín agbára tó ń fa ọ̀rá kù bí róòlù bá ti ń sanra, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá tutù kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń ká a, kẹ́ ẹ sì béèrè páálí tó nípọn. Òòlù ló ń tẹ ṣáàfù, ṣáàfù tó bá sì ti tẹ̀ kì í tọ́ mọ́ dáadáa, ohun yòówù kí táànà sọ fún yín.

Orí ṣáàfù oníhámẹ́rin náà ń jẹ. Bó bá ń ṣe gbọ̀n-gbọ̀n nínú safety chuck nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àyè tó wà níbẹ̀. Bó bá ti tó mílímítà kan, ẹ pààrọ̀ irin inú ẹnu náà. Àwọn kan á ní kí wẹ́dà fi iná kún orí ṣáàfù. Iná á ká irin náà, á sì yan ẹnu tíúbù tó wà ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí i.

Páálí ò gbọdọ̀ sùn lórí sìmẹ́ǹtì, pàápàá nígbà òjò. Ẹ tò wọ́n sórí pákó, ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n. Ṣáàfù ò gbọdọ̀ fara ti ògiri. Ẹ ṣe pákó méjì tó lẹ́nu bíi V, kí orí rẹ̀ méjèèjì sinmi lé wọn, kó máa wà láìní afẹ́fẹ́ títí ẹ ó fi lò ó.

Ẹ fi púńṣì tẹ nọ́ńbà sí orí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ní ìwé kan tẹ́ ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ tíúbù rẹ̀ sí, àti eyín tó gé e. Bí ṣáàfù nọ́ńbà 4 bá ti jẹ tíúbù mẹ́ta láàárín ọdún kan, ẹ má tíì ra ẹ̀kẹrin. Ẹ kó gbogbo eyín rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú páìpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.